Ta Ló Ni Èsì Àyẹ̀wò Náà?

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé Kubwa, ní Abuja, níbi ìpàdé oṣooṣù wa nìyí. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fi díẹ̀ kún un níbi tí àkókò kò jẹ́ kí n sọ tán.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló pè mí pé níwọ̀n bí mo ti jẹ́ lọ́yà, kí n wá sọ nǹkan kan nípa òfin tó máa wúlò fún wa níbi tí a ti ń jẹun. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Bí mo ṣe ń wò yín nínú gbọ̀ngàn yìí, àwọn tó ń wá iṣẹ́ wà níbí, àwọn tó ń gba ènìyàn síṣẹ́ náà wà níbí. Ìyá wa tó ní búkà wà níbí, bàbá wa tó ní ilé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ wà níbí, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ní ọmọ ọ̀dọ̀ nílé. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò HIV tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó ń wá iṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bá mi ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan wá sí ọ́fíìsì wa ní Wuse. Ó ti gboyè, ó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ó sì ti ń wá iṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ kan ní àárín ìlú pè é. Ó ṣe ìdánwò, ó yege. Wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lẹ́ẹ̀mejì, ó yege. Wọ́n ní ó ku mẹ́díkà nìkan, ìyẹn àyẹ̀wò ara. Àwọn fúnra wọn ló yan láàbù tó máa lọ, ṣùgbọ́n òun ló san owó rẹ̀. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ, pé èsì á lọ bá ọ́fíìsì tààrà. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó pè wọ́n, wọ́n ní àyè ti kún. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àbúrò ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pè é lórí fóònù, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ tọ́jú ara yín o. Àìsàn yẹn ti ní oògùn."

Bó ṣe gbọ́ pé òun ní kòkòrò HIV nìyẹn. Dókítà kọ́ ló sọ fún un, ẹni tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kọ́ ló sọ fún un. Ọmọdé kan tí kò yẹ kó mọ̀ rárá ló gbọ́ ọ nínú ọ́fíìsì, tí àánú sì ṣe é. Ọmọkùnrin náà jókòó síwájú mi, kò sunkún, ó kàn bi mí pé, "Lọ́yà, ta ló ni èsì àyẹ̀wò yẹn? Ṣé èmi ni, àbí àwọn?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá fún yín lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà fún agbanisíṣẹ́ ní ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ bóyá ara ẹni tó fẹ́ gbà lè gbé iṣẹ́ náà. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ní abala 8, tiẹ̀ sọ pé kí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ yẹ òṣìṣẹ́ tó bá wọ àdéhùn iṣẹ́ wò. Ṣùgbọ́n inú gbólóhùn kan náà ni ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà wà: owó agbanisíṣẹ́ ni kí wọ́n fi ṣe é. Àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ni òfin yẹn ń pè ní òṣìṣẹ́, kò kan àwọn ọ̀gá àgbà. Àwọn tí òfin ń dáàbò bò yìí gan-an ni wọ́n ń ní kí wọ́n lọ san owó láàbù fúnra wọn jákèjádò Abuja. Mo mọ ọmọ tó yá owó ṣe mẹ́díkà fún iṣẹ́ tí kò rí gbà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí púpọ̀.

Àyẹ̀wò ara kò lòdì sófin, nígbà náà. Ẹ yẹ ojú awakọ̀ wò, kó má bàa wó yín sí kòtò ní ọ̀nà Lokoja. Ẹ yẹ ọkàn ẹni tó máa gbé sìmẹ́ǹtì wò. Ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè lọ́wọ́ ara ni kí ẹ wò. HIV kò lè sọ fún yín bóyá ènìyàn mọ ìṣirò, bóyá ó lè jí ní aago márùn-ún ìdájí, bóyá ó lè dúró ní ẹnu géètì di òwúrọ̀. Ẹlòmíràn ti ní in fún ọdún 15, ó ń lo oògùn rẹ̀, kò sì gba ìsinmi àìsàn lẹ́ẹ̀kan rí.

Ní ọdún 2014 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin àpapọ̀ tó ka ìyàsọ́tọ̀ nítorí HIV àti Éèdì léèwọ̀. Òfin náà sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé agbanisíṣẹ́ kan, ilé iṣẹ́ kan, tàbí ẹnì kan kò gbọdọ̀ ní kí ènìyàn kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò HIV kí òun tó gbà á síṣẹ́. Kò yọ iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, kò yọ ti aládàáni sílẹ̀. Ó dárúkọ àwọn ológun, ọlọ́pàá, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, títí kan ilé ìjọsìn. (Mo mọ̀ pé àwọn kan lára yín ń rò ó pé ìwé àyẹ̀wò tí ṣọ́ọ̀ṣì ń béèrè kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ di oṣù mìíràn, ó tó ọ̀rọ̀ sọ fún odindi ọjọ́ kan.) Ibi iṣẹ́ tó bá ní ènìyàn 5 sókè, òfin ní kí wọ́n ní ìlànà lórí HIV ní kíkọ sílẹ̀. Ìtanràn wà nínú òfin náà fún ẹni tó bá rú u, ẹ̀wọ̀n sì wà níbẹ̀.

Àlàfo kan ṣoṣo ni òfin fi sílẹ̀. Bí agbanisíṣẹ́ bá lè fi ẹ̀rí àwọn onímọ̀ ìṣègùn tó kún ojú ìwọ̀n hàn pé bí wọn kò bá ṣe àyẹ̀wò náà, ewu gidi, ewu tó wà nílẹ̀ kedere, wà pé kòkòrò náà máa ran ẹlòmíràn, ìgbà yẹn ni òfin lè gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ọrùn ẹni tí ẹrù yẹn wà. Kì í ṣe ọmọ tó ń wá iṣẹ́ ni yóò wá fi hàn pé òun kò léwu. Ọ̀gá ni yóò mú ẹ̀rí wá pé ewu wà. Kí ènìyàn sì máa bẹ̀rù nínú ara rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí onímọ̀ ìṣègùn.

Kí ló mú ká nílò òfin tuntun nígbà tí a ní ìwé òfin orílẹ̀-èdè 1999? Abala 42 inú ìwé òfin náà ka ìyàsọ́tọ̀ léèwọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yà, ìlú tí ènìyàn ti wá, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn, ìṣèlú àti bí wọ́n ṣe bí ènìyàn ló kà sílẹ̀. Kò mẹ́nu kan àìsàn. Abala 37 dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè, a sì lè rọ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ibi iṣẹ́. Èyí tó bá ní HIV wá dà bí ẹni tó dúró sí ẹnu ọ̀nà, tí kò sí nínú ilé, tí kò sí ní ìta. Òfin 2014 ló mú un wọlé.

Kí òfin yẹn tó dé, obìnrin kan ti ja ìjà náà dé ibi tó lágbára, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀ dáadáa. N kò ní dárúkọ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà nínú ìwé ilé ẹjọ́. Láti 1989 ló ti ń ṣiṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Èkó. Ní 1995, ó lóyún, eéwo wá yọ sí i lára. Dókítà tó tún jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò, kò sọ irú àyẹ̀wò tó jẹ́ fún un. Wọ́n fún un ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ òun àti ọkọ rẹ̀. Òun ní kòkòrò náà, ọkọ kò ní. Wọ́n lé e níṣẹ́. Oyún bàjẹ́ lára rẹ̀, ilé ìwòsàn tó ti ń bá ṣiṣẹ́ yìí kọ̀, wọn kò tọ́jú rẹ̀.

Ó gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní 2001, adájọ́ ní kó má wọ inú kóòtù wá jẹ́rìí, àfi tí onímọ̀ ìṣègùn bá kọ́kọ́ wá sọ pé kò ní kó àìsàn ran àwọn tó jókòó síbẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó. Ẹni tó wá fẹ̀sùn kàn pé wọ́n yà mí sọ́tọ̀, ilé ẹjọ́ tún yà á sọ́tọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin yìí kò padà lẹ́yìn. Ní oṣù kẹsàn-án 2012, ilé ẹjọ́ gíga ti Ìkẹjà dá a láre, wọ́n ní kí wọ́n san 7,000,000 náírà fún un. Adájọ́ ní lílé tí wọ́n lé e kún fún ìkà, ó sì sọ ohun kan tí mo máa ń tọ́ka sí nígbà gbogbo: kí ènìyàn yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn wò fún HIV láìjẹ́ pé onítọ̀hún mọ̀, tó sì yọ̀ǹda, ìkọlù sí ara rẹ̀ ni. Bí ẹni gbá ènìyàn létí ni, lójú òfin. Ọdún 17 ló wà láàárín ọjọ́ tí wọ́n lé e àti ọjọ́ tí wọ́n dá a láre.

Ìtàn kejì wá láti Gúúsù Áfíríkà. Ní 1996, ọkùnrin kan fẹ́ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú South African Airways, irú àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún èrò. Ó la ìpele ìdánwò mẹ́rin kọjá, òun àti àwọn 11 mìíràn ni wọ́n mú. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ara rẹ̀ le, ó tọ́ sí iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni èsì ẹ̀jẹ̀ dé. Wọ́n tún ìwé kan náà kọ: ó ní HIV, kò tọ́ sí iṣẹ́ mọ́. Ara ọkùnrin náà kò yí padà láàárín ìwé àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ ló yí padà.

Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú náà rò tẹnu wọn. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń lọ sí ibi tí ibà pọ́njú wà, ó sì ṣeé ṣe kí ara ẹni tó ní HIV má gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rù á máa ba èrò. Wọ́n ní ẹ̀mí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní gùn tó láti pa owó tí àwọn fi kọ́ ọ níṣẹ́ padà. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ gbà pẹ̀lú wọn. Ọkùnrin náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí ọ̀rọ̀ ìwé òfin orílẹ̀-èdè, ní oṣù kẹsàn-án 2000, àwọn adájọ́ sì yí i padà. Wọ́n ní ẹ̀rí àwọn oníṣègùn fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní HIV ni kò lè ṣe iṣẹ́ náà, pé ipò tí ara ẹnì kọ̀ọ̀kan wà ni kí wọ́n wò. Ní ti èrò tí ẹ̀rù lè máa bà, wọ́n ní ẹ̀tanú àwọn kan kò lè di ìdí láti fi ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn dù ú. Wọ́n pàṣẹ pé kí ilé iṣẹ́ náà gbà á síṣẹ́. Ìdájọ́ yẹn kò de ilé ẹjọ́ tiwa, ṣùgbọ́n àwa lọ́yà máa ń kà á fún adájọ́, nítorí àwáwí tí wọ́n wí níbẹ̀ gan-an là ń gbọ́ ní Abuja lónìí.

Àwáwí ẹ̀mí kò ní gùn yẹn, mo fẹ́ dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, nítorí èdè tiwa náà ń tì í lẹ́yìn. Kí ni a ń pe Éèdì? Àrùn kògbóògùn. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ kò purọ́. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1986, kò tíì sí oògùn tó ń dí kòkòrò náà lọ́wọ́. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé níbí ń pè é ní kanjamau, nítorí bí ara ṣe ń rù tó ń gbẹ. Orúkọ méjèèjì yẹn, ohun tí ojú àwọn ènìyàn rí nígbà náà ni wọ́n fi sọ. Ṣùgbọ́n láti 2006 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí wọ́n máa fún ènìyàn ní oògùn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Lónìí, hóró kan lójúmọ́ ni ọ̀pọ̀ ń lò. Kò tíì sí oògùn tó ń lé e kúrò lára pátápátá, mi ò ní tàn yín jẹ, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ oògùn. Ẹni tó bá ń lò ó déédéé máa ń lo ọjọ́ ayé rẹ̀ bíi tèmi tìrẹ. Tí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ kò rí i mọ́, kò lè kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn pàápàá, áńbọ̀sìbọ́sí ẹni tí wọ́n jọ ń lo tábìlì kan ní ọ́fíìsì. Bí a bá ṣì ń pè é ní kògbóògùn létí ọmọ tó yẹ kó lọ gba oògùn, a ń lé e kúrò ní ọ̀nà ilé ìwòsàn ni.

Ẹ rántí adẹ́tẹ̀. Àwọn bàbá ńlá wa lé wọn lọ sínú igbó, wọ́n kọ́ abà fún wọn lẹ́yìn odi, nítorí wọn kò mọ ohun tí wọn ì bá ṣe. Ẹ̀tẹ̀ ti di ohun tí oògùn ń wò sàn pátápátá báyìí. Àwọn bàbá wa ní àwáwí pé àwọn kò mọ̀. Àwa mọ̀.

Ìwádìí ńlá tí ìjọba ṣe ní 2018, tí wọ́n kéde èsì rẹ̀ ní 2019, sọ pé nǹkan bí 1,900,000 ọmọ Nàìjíríà ló ń bá HIV gbé. Nínú 1,000 àgbà tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, bíi 14 ni. Bí gbogbo agbanisíṣẹ́ bá ń fi ẹ̀jẹ̀ yẹ ènìyàn wò, níbo ni kí iye ènìyàn yẹn ti máa jẹun? Ọ̀gá tó sì rò pé àyẹ̀wò ti dáàbò bo òun tan ara rẹ̀ jẹ. Ẹni tó kó kòkòrò náà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àyẹ̀wò lè má rí i; ó lè tó oṣù mẹ́ta kó tó fojú hàn nínú àyẹ̀wò mìíràn. Ẹni tí kò ní in lọ́jọ́ tó gba iṣẹ́ lè ní in lọ́dún tó ń bọ̀. Kí ni ìwé ọjọ́ kan fẹ́ dáàbò bò? Àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan pàápàá kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Ìlànà ilẹ̀ wa ni pé bí ti àkọ́kọ́ bá fi hàn pé ó wà, kí wọ́n fi irú àyẹ̀wò mìíràn dán an wò kí wọ́n tó sọ ọ́, kí wọ́n sì jókòó gba onítọ̀hún nímọ̀ràn ṣáájú àti lẹ́yìn. Èwo nínú èyí ni wọ́n ṣe fún ọmọkùnrin tó wá sí ọ́fíìsì mi?

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé kò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ni? Ó fọwọ́ sí i. Fọ́ọ̀mù ojú ewé kan ni, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo gbà kí wọ́n ṣe gbogbo àyẹ̀wò tó bá yẹ. Ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda kì í ṣe yíínkì. Ìyọ̀ǹda ni pé mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, mo mọ ẹni tó máa rí èsì, mo sì lè sọ pé rárá láìpàdánù ohunkóhun. Ọmọ tó ti wá iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, tí àbúrò méjì ń wojú rẹ̀, tí ẹ gbé fọ́ọ̀mù síwájú rẹ̀ pé fọwọ́ sí i tàbí kó o máa lọ, ọwọ́ wo ló fẹ́ fi kọ̀ ọ́?

Kò wá tán síbi gbígba ẹ̀jẹ̀. Òfin ìlera ti 2014 ní kí àkọsílẹ̀ ìlera ènìyàn wà ní àṣírí. Ní 2023, òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni jáde, ó sì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun ẹlẹgẹ́ tí kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló lè máa gbé e kiri. Láàbù tó fi èsì ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì láìfi han ẹni tó ni ín, ọ́fíìsì tó jẹ́ kí akọ̀wé kékeré kà á, wọ́n ti ṣẹ̀ lórí àṣírí lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ lórí iṣẹ́. Kò sí àdúrà tí à ń ṣe àmín sí tó "Ọlọ́run, bo àṣírí wa." A kò lè máa ṣe àmín sí i ní ọjọ́ Àìkú, ká wá ṣí ti ọmọ ẹlòmíràn sílẹ̀ ní ọjọ́ Ajé.

Mo sọ fún ọmọkùnrin náà pé èsì yẹn, tirẹ̀ ni. Mo sọ fún un pé ẹjọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́ ní ilẹ̀ wa, Garki níbí ni olú ilé rẹ̀ wà, ìwé òfin sì fún un lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ ìyàsọ́tọ̀ níbi iṣẹ́ àti láti wo ìlànà àgbáyé, bí irú èyí tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, gbé jáde ní 2010 pé kò tọ́ kí wọ́n fi àyẹ̀wò HIV yan òṣìṣẹ́. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Tí mo bá jàre, ṣé ìyá mi kò ní gbọ́?"

Mi ò lè purọ́ fún un. A lè bẹ adájọ́ pé kí wọ́n máa fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ pè é, a lè bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbọ́ ọ ní ìkọ̀kọ̀, adájọ́ sì lè gbà. Ṣùgbọ́n Abuja kéré. Ó ní kí n jẹ́ kí òun lọ rò ó. Kò padà wá lórí ẹjọ́. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́jọ ló pè mí láti Jos, ó ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, ó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ kan. Inú mi dùn fún un, inú mi sì bàjẹ́ pé ilé iṣẹ́ yẹn kò san nǹkan kan, àti pé mẹ́díkà kan náà ni wọ́n á tún ti ṣe fún ẹlòmíràn. Òfin wà, ṣùgbọ́n ohun tí òfin fẹ́ dáàbò bò gan-an ni ẹni náà ní láti gbé jáde kó tó lè lò ó. Èmi ò rí ọ̀nà tó rọrùn gbà kọjá ibẹ̀. Ìdí tí mo fi ń bá ẹ̀yin agbanisíṣẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí ju àwọn tó ń wá iṣẹ́ lọ nìyẹn, nítorí lọ́wọ́ yín ló ti lè dúró kí ó tó di ẹjọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń wá iṣẹ́, ẹ béèrè orúkọ gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n fẹ́ ṣe kí ẹ tó na apá. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ béèrè ẹ̀dà èsì yín. Ẹ tọ́jú lẹ́tà, ẹ tọ́jú rìsíìtì láàbù, ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ yín, àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wà ní Maitama, ẹ kò ní san owó láti fẹjọ́ sùn níbẹ̀. Ẹni tí kò bá lágbára lọ́yà, àjọ Legal Aid wà. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń bá HIV gbé náà wà, NEPWHAN, wọ́n mọ ọ̀nà ju àwa mìíràn lọ.

Ìgbà tí mo dé ibẹ̀ yẹn ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀.

Ìyá wa tó ní búkà ló kọ́kọ́ dìde. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọ̀bẹ ni àwọn ọmọ yìí ń lò. Bí ọ̀kan bá fi ọ̀bẹ gé ọwọ́, tí ẹ̀jẹ̀ kán sínú ọbẹ̀ ńkọ́?" Mo ní, Mà, ọbẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ bá kán sí, dídà nù ni, ẹ̀jẹ̀ ẹni yòówù kó jẹ́. Ṣùgbọ́n HIV kì í gba inú oúnjẹ wọ ara ènìyàn, iná ọbẹ̀ yín kò sì ní dá a sí. Ohun tí wolé-wolé ń wá lára ẹni tó ń se oúnjẹ tà ni táífọ́ọ̀dù àti aràn. Àwọn wọ̀nyẹn ló lè gba ọwọ́ alásè dé ẹnu oníbàárà. Ẹ ṣe ìyẹn fún wọn, ẹ san owó rẹ̀, kí ẹ sì ra ọṣẹ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi.

Bọ̀dá kan bi mí nípa hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀, pé ṣé òfin kan náà ló bò ó. Ìdáhùn mi ni pé HIV nìkan ni òfin 2014 dárúkọ. Ẹni tí wọ́n lé nítorí hepatitis máa ní láti rọ̀ mọ́ abala 37 àti òfin ààbò ìsọfúnni, ìjà rẹ̀ sì máa le jù. Mo rò pé ó yẹ kí àwọn aṣòfin fẹ òfin náà lójú.

Bàbá wa tó ní ilé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní àwọn oníbàárà àwọn ló ń béèrè rẹ̀, pé àwọn ilé ńláńlá ní Asokoro kì í gba ẹ̀ṣọ́ tí kò ní ìwé HIV. Mo ní, Sà, òfin kò sọ pé ẹni tí oníbàárà rán níṣẹ́ kò jẹ̀bi. Ẹ fi ẹ̀dà òfin náà mọ́ ìwé àdéhùn yín, ẹ jẹ́ kí oníbàárà kà á. Wọ́n mi orí, wọ́n ní àwọn á gbìyànjú. Mo rí i lójú wọn pé owó tí wọ́n lè pàdánù ni wọ́n ń ṣírò, n kò sì bá wọn jà, nítorí mo mọ̀ pé ìyà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré fún ẹni tó ní òṣìṣẹ́ 40.

Nígbà tí ìpàdé túká, àǹtí kan tẹ̀lé mi dé ìdí mọ́tò. Wọn kò béèrè nǹkan kan nínú gbọ̀ngàn. Wọ́n ní ọmọ ọ̀dọ̀ tuntun dé láti ìlú lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọdún 19, pé àwọn mú un lọ sí láàbù kan, wọ́n sọ fún un pé ibà ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. Wọ́n ṣí báàgì, wọ́n fa àpòòwé kan yọ. Láti ọjọ́ Ẹtì ló ti wà níbẹ̀, wọn kò tíì ní ìgboyà láti ṣí i. Wọ́n nà án sí mi, wọ́n ní kí n bá àwọn wò ó, kí n sọ ohun tó yẹ kí àwọn ṣe.

N kò gbà á. Mo ní, Àǹtí, orúkọ ta ló wà lára rẹ̀? Wọ́n yí i padà, wọ́n kà á fún ara wọn. Mo bi wọ́n pé ṣé ọmọ náà wà nílé báyìí. Wọ́n ní ó wà nílé, ó ń fọ aṣọ. Mo ní kí wọ́n lọ fún un bẹ́ẹ̀ ní lílẹ̀, kí wọ́n sọ òtítọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún un, kí wọ́n bẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bọ́, ohun yòówù tí ì báà wà nínú rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ kí wọ́n jọ lọ rí nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ìjọba Kubwa, kí wọ́n bá a lọ. Wọ́n dúró díẹ̀. Wọ́n fi àpòòwé náà sínú báàgì padà, wọ́n sì dá ọ̀kadà dúró.